Omi Tó Wà Lábẹ́ Ọ̀dà

Ọ̀gá Dídán ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin tó ń kun mọ́tò ní ẹ̀gbẹ́ títì náà. Mọ́tò tó bá kùn, èèyàn lè fi ara rẹ̀ ṣe dígí kó fá irùngbọ̀n. Òun fúnra rẹ̀ máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò sí arúgbó tí òun kò lè sọ di ọmọge, bó bá ṣáà ti ní táyà mẹ́rin.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Màmá Agbẹ̀bí wa mọ́tò wọ inú ọgbà rẹ̀. Màmá yìí ti gbẹ̀bí títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n bí àkọ́bí Ọ̀gá Dídán sí. Ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé ló ni mọ́tò náà, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ọdún méjì sẹ́yìn ni Ọ̀gá Dídán kùn ún ní àwọ̀ aró.

"Wá wo ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ àbúrò ọkọ mi," ni Màmá wí bó ṣe ń bọ́ọ́lẹ̀.

Ìléròrò ti bo bọ́nẹ́ẹ̀tì àti òrùlé mọ́tò náà. Àwọn kan kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, àwọn mìíràn tó hóró ẹ̀wà. Níbi tí ọ̀dà ti bó, irin tó ti dógùn-ún ń yọjú.

"Bàbá Kékeré ló ṣe é," ni Màmá tún wí. "Àràárọ̀ ló ń da omi ọṣẹ lé e lórí, pé òun ń tọ́jú mọ́tò ẹ̀gbọ́n òun. Ọṣẹ ìfọṣọ ni o. Mo bá a wí, ó bínú kó jáde nílé. Oṣù kẹrin rèé tí a ò ti sọ̀rọ̀."

Ọ̀gá Dídán kọ́kọ́ yẹ rọ́bà tó yí gíláàsì iwájú ká wò, bóyá ibẹ̀ lomi ń gbà wọlé. Rọ́bà náà le dáadáa. Ó lóṣòó wo àwọn ihò tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀ àwọn ilẹ̀kùn. Kò sí èyí tó dí nínú wọn. Ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ ra ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ń dán bí ọjọ́ tó kùn wọ́n. Kò sí ìléròrò kan ṣoṣo.

Ibẹ̀ ni ara ti fu ú. Ọṣẹ kò mọ bọ́nẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ sí ilẹ̀kùn.

Ó mú abẹ́rẹ́, ó gún ọ̀kan nínú àwọn ìléròrò náà. Ẹ̀kán omi pupa kan yọ jáde. Ó fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ hú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọ̀dà ṣí, pọ́tì tó fi dí ibi tó tẹ̀ nígbà náà sì bá a wá, ó rọ̀ bí ẹfun tó mumi. Omi kò ti òkè wọlé. Abẹ́ ló ti wà tẹ́lẹ̀.

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà Ọ̀gá Dídán rántí gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ tí oòrùn mú ló kun àwọn ilẹ̀kùn. Ọjọ́ kẹta ló kan bọ́nẹ́ẹ̀tì àti òrùlé. Ó ti fi omi àti sánpépà ha pọ́tì tán nígbà tí òjò dé, tapólì tó ta sórí iṣẹ́ sì ń jò. Ó yẹ kó fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kó gbẹ. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ rìnrìn àjò lọ wo ilé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́. Ó fi àkísà nù ún, ó fọwọ́ kàn án, ó sọ fún ara rẹ̀ pé ó ti gbẹ, ó sì fọ́n ọ̀dà lé e. Ọ̀dà náà dán. Màmá gbàdúrà fún un lọ́jọ́ tó wá gbé e.

"Ọṣẹ ni, àbí?" ni Màmá bi í.

"Ẹ jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, Màmá."

Gbólóhùn yẹn ló kó oorun lọ lójú rẹ̀. Fún ọjọ́ méjì ló ń ha ọ̀dà kúrò lórí irin, bó bá sì ti ń ha ló ń wá bí yóò ṣe sọ ọ́, bó bá sì rí i tán, ahọ́n rẹ̀ á wúwo. Ta ni yóò tún gbé mọ́tò wá fún un bí èyí bá ta sí ìgboro?

Ní ọjọ́ kẹta Màmá tẹ̀ ẹ́ láago. Ohùn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. "Bàbá Kékeré rán èèyàn wá bẹ̀ mí. Ó ní òun gbà pé òun lòun ba mọ́tò ẹ̀gbọ́n òun jẹ́. Mo ní n óò rò ó."

Ọ̀gá Dídán gbé fóònù sílẹ̀, ó fọ ọwọ́, ó sì gba ilé Màmá lọ. Kò jókòó nígbà tí wọ́n fún un ní àga.

"Màmá, ọṣẹ kọ́. Èmi ni. Pọ́tì kò tíì gbẹ tí mo fi kùn ún. Mo mọ̀ pé kò tíì gbẹ."

Màmá kojú sí i. "Láti ìgbà wo lo ti mọ̀ pé ibẹ̀ ni àrùn náà wà?"

"Láti ọjọ́ tí ẹ gbé e wá."

"O wá jẹ́ kí bàbá àádọ́rin ọdún máa bẹ̀ mí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó dojú bolẹ̀, ó ń retí èébú. Èébú kò dé. Màmá ń fi ìka tú etí ìró rẹ̀. "Mo sọ fún ọ pé ó bínú lọ ni," ó wí. "Kò bínú lọ. Èmi ni mo kó ẹrù rẹ̀ síta. Dìde… o tiẹ̀ ti wà lórí ìdúró. Ó yá, jẹ́ ká lọ."

Yàrá kan lẹ́yìn ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Bàbá Kékeré ń gbé. Ó ń lọ ṣòkòtò nígbà tí wọ́n wọlé. Ọ̀gá Dídán dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ó sì tún gbogbo rẹ̀ sọ láìfi ohunkóhun pa mọ́. Bàbá fa wáyà áyọ́ọ̀nù yọ.

"Ṣé ọṣẹ kọ́?" ó bi í.

"Ọṣẹ kọ́, sà."

"Ṣé ó dá ọ lójú pé ọṣẹ kọ́?"

"Ó dá mi lójú, sà."

Bàbá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. "Àti ìgbà yẹn ni mo ti ń sọ fún ara mi pé ohun kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n mi fi sílẹ̀, ọwọ́ mi ni mo fi pa á." Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Màmá ń bẹ̀ ẹ́, ó gbọ́, ó mi orí. "Ẹ máa lọ ná," ni ohun tó sọ.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì ó gbé àga wá sí ọgbà iṣẹ́ náà. Ó ń wò bí Ọ̀gá Dídán ṣe ń fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ibi tó dógùn-ún títí irin fi funfun, bó ṣe fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ sí i, tó fi pọ́tì tuntun dí i. Lẹ́yìn tó hà á, ó sá a sóòrùn. Ó wá lẹ ọ̀rá tó mọ́ gaara mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní bí ìrì bá sẹ̀ nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, a jẹ́ pé omi ṣì wà níbẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìrì wà níbẹ̀.

"Ó ti gbẹ?" ni Bàbá bi í.

"Kò tíì gbẹ, sà."

Ọjọ́ mẹ́rin ni ìbéèrè náà fi wáyé, ìdáhùn kan náà ló sì ń gbà. Ní ọjọ́ karùn-ún, ọ̀rá náà mọ́ láìsí ẹ̀kán kan. Bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i kó tó gbà. Ìgbà náà ni Ọ̀gá Dídán tó fọ́n ọ̀dà lé e.

Màmá wá gbé mọ́tò lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Bàbá yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ Màmá. "Ìyàwó wa, ẹ rọra wà á," ó wí. Kò sọ pé òun ń padà sílé, kò sì sọ pé òun kò padà. Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá Dídán, Ọ̀gá Dídán náà kò sì retí ọpẹ́.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó jókòó sórí àga tí Bàbá fi sílẹ̀. Mọ́tò mìíràn tún wà tó kùn ní ọ̀sẹ̀ òjò yẹn, ti tíṣà kan tó ti kó lọ sí òdìkejì ìlú. Ó ti ń gbìyànjú láti má rántí rẹ̀ látọjọ́ yìí. Ó ti géètì, ó wọ bàtà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ilé tíṣà náà.