Ibà Tó Pa Ọláolú

Ibà ló pa Ọláolú. Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní àdúgbò Àgùdà wò. Bọ̀ọ̀dá Akínọlá, àbúrò bàbá rẹ̀, ló dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wọn lọ́jọ́ ìsìnkú, tó nu ojú tí kò tutù, tó ní àìsàn ránpẹ́ ni, ibà lásán ni. Àlùfáà mi orí. Àwọn ìyá ìjọ pòṣé. Wọ́n sin ọmọkùnrin náà tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, torí ibà ò tíì sọ ilé ẹnikẹ́ni di ẹlẹ́yà rí. Ẹni tó bá pa ara rẹ̀ ńkọ́? Háà! Ta ni yóò wá fẹ́mọ nírú ilé bẹ́ẹ̀?

Motọ́lání, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nìkan ni ọ̀rọ̀ ibà yìí ò wọ̀ létí. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ mú àbúrò rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìlúpéjú, nígbà tí kò jẹun mọ́, tí kò sùn mọ́, tó pa iṣẹ́ tíṣà rẹ̀ ní Yaba tì, tó jókòó sójú kan tó ń wo ògiri. Dókítà Gbádé ní kí Motọ́lání bọ́ síta ná. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, Ọláolú di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú.

"Àǹtí mi, mo ti sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn. Ara mi fúyẹ́ díẹ̀."

Wọ́n dá a dúró síbẹ̀. Motọ́lání bẹ àwọn nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Wọ́n ní kó fọkàn balẹ̀, ṣé gáréèjì ló rò pé ó gbé e wá ni? Ó fọkàn balẹ̀, ó sáré lọ sílé lọ wẹ̀. Kó tó padà dé, Ọláolú ti pa ara rẹ̀ nínú yàrá tí ẹnì kankan ò yọjú sí látìgbà tí Motọ́lání ti jáde.

Ohun tí Motọ́lání ń fẹ́ ò pọ̀. Kì í ṣe owó. Ó fẹ́ kí dókítà fẹnu ara rẹ̀ sọ pé Ọláolú sọ fún òun, òun ò sì ṣe nǹkan kan. Èèwọ̀! Dókítà ní àìróorunsùn lásán ni arákùnrin náà bá wá, òun sì ti fún un ní òògùn amárale. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ ti parí.

Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá Akínọlá gbọ́ pé Motọ́lání fẹ́ pe ilé ìwòsàn lẹ́jọ́, ó sáré wá bá a. "Ọmọ mi, fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ikú yá ju ẹ̀sín." Ó sọ ọ́ fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ lọ́wọ́, kò tiẹ̀ ṣẹ́jú. Àgbà òṣìkà, ó wá ń fi òwe tu èèyàn nínú.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ gbéra. Ilé ẹjọ́ ní kí tọ̀túntòsì kọ́kọ́ jókòó yanjú ẹ̀ níwájú ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ adájọ́. Jael, ìyá Motọ́lání àti Ọláolú, ní òun máa bá Motọ́lání lọ, ṣùgbọ́n òun ò ní lanu. Aṣáájú àwọn ìyá ni ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó mọ ohun tí àwọn ìyá náà máa fi òun ṣe bí wọ́n bá gbọ́.

Ìjókòó náà dùn ún wò. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí, kò sẹ́ni tó pe nǹkan náà lórúkọ. "Ìṣẹ̀lẹ̀ ọ̀hún" ni. "Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn" ni. Àjèjì tó bá wọlé á rò pé iná ni wọ́n mú lọ. Kọ́lápọ̀, lọ́yà ilé ìwòsàn, wá yíjú sí Jael, ó rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó.

"Mọ̀mí, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Dókítà wa wá síbi ìsìnkú, wọ́n gbọ́ tí àwọn ẹbí ní ibà ni. Àbí irọ́ ni ẹ pa nínú ilé Ọlọ́run?"

Motọ́lání mọ̀ pé bí ìyá òun bá sọ pé ibà ni, ẹjọ́ ti kú nìyẹn. Kò lè wo ojú rẹ̀.

"Irọ́ ni," ni Jael wí. "Ibà kọ́. Ọmọ mi pa ara rẹ̀. Ẹ lọ sọ fún gbogbo ìjọ, ẹ lọ sọ ọ́ lójúde. Àárẹ̀ ti mú mi. Bí mo bá sùn lálẹ́, kò wù mí kí n jí mọ́."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Dókítà Gbádé ti fò dìde. "Mọ̀mí, ẹ má fẹnu yín pe ikú! Ohun tí mo sọ fún Ọláolú náà nìyẹn!"

Lọ́yà gbá a lápá mú. Ó ti pẹ́ jù.

Jael wò ó. "Kí ló sọ fún yín, dókítà, tí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀ fún un?"

Dókítà jókòó. Ó wo lọ́yà, lọ́yà ń wo òrùlé.

"Ó ní ikú ń wu òun, mà."

"Ẹ̀yin wá ńkọ́?"

"Mo ní kó yé sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó sọ pé òun máa gbó, òun máa tọ́."

"Ó sọ ọ́?"

"Ó sọ ọ́, mà. Ó ṣe àmín. Nígbà tó dé yàrá rẹ̀, mo tilẹ̀kùn mọ́ ọn, kó lè sinmi."

Ohun tí Motọ́lání ń wá láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Ó gbórí lé èjìká ìyá rẹ̀, ó sì bú sẹ́kún.