Ọkọ̀ Òkúta Karùn-ún

Ìgbín ni wọ́n ń pè é nínú ihò ìwakùsà, nítorí kì í sáré. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń wa ẹ́ńjìnnì oníbátìrì tó ń fa ọkọ̀ òkúta mẹ́jọ lórí irin, láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ àpáta wá sí etí kòtò tí wọ́n ń dà á sí. Nísàlẹ̀ kòtò náà ni ẹ̀rọ tó ń lọ òkúta kúnná wà. Àwọn òṣìṣẹ́ ní ọkọ̀ èrò tiwọn, tó ní ìjókòó àti ìlẹ̀kùn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gun ti òkúta.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ó ti da mẹ́rin. Kò yọjú wo inú ìkankan, torí òkúta ṣáà ni. Ó di ọwọ́ irin ẹ̀gbẹ́ ìkarùn-ún mú, ó kù kó fà á kí ọkọ̀ náà dojú dé, ni ẹnì kan bá wúkọ́ nínú ẹ̀.

Ọwọ́ ẹ̀ gan mọ́ irin. Ó pọ́nkè, ó tan iná akoto ẹ̀ síbẹ̀. Àbúrò ìyàwó ẹ̀, tó ń to irin ojú ọ̀nà, ló nà gbalaja lórí òkúta, tó ń nu ojú oorun.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé a ti débẹ̀?"

Ìgbín bi í léèrè ohun tó gbé e dé inú ọkọ̀ òkúta.

"Ẹsẹ̀ ló rọ́ mi, ọkọ̀ èrò sì ti lọ. Nígbà tẹ́ ẹ dúró kí ẹ́ńjìnnì mìíràn kọjá la gùn ún."

"Ìwọ àti ta ni?"

"Èmi àti Bàbá Káfíńtà. Wọ́n ní iwájú làwọn máa jókòó sí."

Iwájú. Mẹ́rin iwájú ló ti dà sí kòtò. Ìgbín sáré. Kò mọ bó ṣe dé ìdí tẹlifóònù ara ògiri. Ohùn ara ẹ̀ ló kàn gbọ́: "Ẹ pa ẹ̀rọ. Ẹ pa á. Èèyàn wà níbẹ̀."

Ariwo ìsàlẹ̀ rọlẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ létí kòtò, ó ń pe bàbá náà títí ohùn ẹ̀ fi há. Eruku nìkan ló ń rú sókè. Àna ẹ̀ jókòó sínú ọkọ̀, kò lè sọ̀kalẹ̀.

Ó tó ogún ìṣẹ́jú kí ìmọ́lẹ̀ kan tó yọ lójú irin. Bàbá Káfíńtà ló ń bọ̀, ayùn léjìká, inú ń bí i.

"Ìwọ awakọ̀ yìí, ṣé etí ẹ di ni? Ayùn mi bọ́, mo sọ̀kalẹ̀ mú un, o sì fi mí sílẹ̀ lọ. Mo súfèé títí ó sú mi."

Ìgbín dì mọ́ ọn, ó ń sunkún. Ìgbà náà ni bàbá yìí rí ọkọ̀ mẹ́rin tó ti ṣófo. Ayùn jábọ́ léjìká ẹ̀.

"Ìkejì ni mo wà," ló wí, ó sì rọra jókòó sílẹ̀.

Nígbà tí ìyàwó Ìgbín gbọ́ nílé, ó pe àbúrò ẹ̀ lórí fóònù, ó bú u dáadáa. Lẹ́yìn náà ló ní kó máa sọ̀rọ̀ ṣáá, ohun yòówù kó jẹ́, kí òun ṣáà máa gbóhùn ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Ìgbín kò fi lè fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Nígbà tó padà, ó bẹ ọ̀gá pé ọkọ̀ èrò ni kí wọ́n fún òun wà.