Wáyà Bàbà Tó Ń Dán Nínú Ẹ́ńjìnnì Àtijọ́

Bí ọkọ̀ ṣe lè jẹrà tó, kódà kí koríko hù gba orí rẹ̀ jáde, Bàbá Ẹ́ńjìnnì, àgbà mẹkáníìkì, á sọ irú èyí tó jẹ́. Kì í wo ara ọkọ̀. Á ní, "Aṣọ ni bọ́dì, ta ni kì í pààrọ̀ aṣọ? Ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ wò." Ìdí nìyẹn tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò obìnrin méjì fi ránṣẹ́ pè é, pé kó wá wo ọkọ̀ tí bàbá wọn tó dolóògbé fi sílẹ̀ nínú gáréèjì ẹ̀yìnkùlé, kí wọ́n tó tà á.

Ọ̀sán gangan ló débẹ̀. Àgádágodo ti dógùn-ún débi pé òòlù ni wọ́n fi fọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n ní láti ọjọ́ tí bàbá ti kú, ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò tẹ ibẹ̀.

Orí bíríkì ni ọkọ̀ náà wà. Bàbá Ẹ́ńjìnnì gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ wo inú rẹ̀. Sílíńdà méjì péré, irú èyí tí wọ́n ń fi irin yí láti iwájú kó tó gbéra. Fáàfù rẹ̀ wà níta gbangba bí egungun ìhà. Ẹyọ kan ṣoṣo ló rí nínú irú rẹ̀ rí, lọ́dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ọ̀gá náà gbé e jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọn ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ó tẹjú mọ́ ọn. Wáyà bàbà ni wọ́n fi so orí bóòtù kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì lọ́ ọ sápá òsì. Ọ̀gá rẹ̀ nìkan ló ń so ó bẹ́ẹ̀.

"Ṣé ọlọ́wọ́ òsì ni bàbá yín?"

Àwọn méjèèjì wo ara wọn lójú. Àbúrò ló dáhùn. "Òsì ló fi ń ṣe gbogbo nǹkan, bàbá. Ta ló sọ fún yín?"

Ó tún wo àwọn wáyà náà. Bàbà tó bá pẹ́ a máa dúdú, ṣùgbọ́n wáyà wọ̀nyí ń dán bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Eruku bo gbogbo ọkọ̀, àfi ẹ́ńjìnnì. Ó na ọwọ́ lé e. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ẹ́ńjìnnì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́.

Ó fẹ́ sá, ẹsẹ̀ kọ̀. Ohun tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni bó ṣe máa ń kí ọ̀gá nígbà tó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́: "Ẹ kúuṣẹ́, ọ̀gá mi."

Irin tí wọ́n fi ń yí ẹ́ńjìnnì níwájú ọkọ̀ yí díẹ̀ fúnra rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó dáwọ́ iṣẹ́ dúró láti gbọ́ ẹni tó ń kí i. Ẹ̀gbọ́n gbá àbúrò rẹ̀ mú.

Bàbá Ẹ́ńjìnnì rọra pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Nígbà tí wọ́n jáde sínú oòrùn, ẹ̀gbọ́n fi ohùn wẹ́lẹ́ bi í pé irú ọkọ̀ wo ni.

"Ẹ má tà á," ló wí. "Ẹni tó ni ín ò tíì ṣe é tán."

Lọ́nà ilé, ìbínú dà pọ̀ mọ́ ẹ̀rù rẹ̀. Gbogbo bó ṣe ṣọ̀fọ̀ ọ̀gá tó nígbà tó pòórá, àṣé ọ̀gá ṣì wà láyé nígbà náà, ó ń tọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, àwọn ọmọ náà ránṣẹ́ pé ariwo ẹ́ńjìnnì ò jẹ́ kí àwọn sinmi lọ́sàn-án mọ́. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ń lọ síbi iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá òun.