Ohun Tí Àrínọlá Rí Nínú Ẹ̀kán Àtọ̀

"Ta ló ní kí o kọ èyí sínú ìwé iṣẹ́?"

Kí Ọ̀gbẹ́ni Theophilus, ọ̀gá yàrá àyẹ̀wò ẹran ọ̀sìn ní Yaba, tó bèèrè, ó ti fi yíǹkì pupa fa ìlà gbọọrọ lórí ọ̀rọ̀ Àrínọlá. Inú bí Àrínọlá gidigidi. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tó ti ń fojú sí màíkírósíkóòpù, tó ń wo àtọ̀ akọ màlúù bóyá ó lágbára. Kò kọ irọ́ sínú ìwé yẹn rí.

"Ohun tí mo rí ni mo kọ, ọ̀gá. Bí àwọn kòkòrò inú àtọ̀ bá ti súnmọ́ra, ìrù wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í jù lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá jìnnà síra, oníkálukú á máa ju tiẹ̀."

"Ta ló wá ń pàṣẹ fún wọn? Wọ́n ní ojú ni? Àbí wọ́n ní etí?"

"Omi tó wà láàárín wọn ni. Bí ọkọ̀ kan bá kọjá lórí ọ̀sà, ṣé èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kì í bá a mì ni?"

"Àrínọlá, o gbàgbé láti fi omi oníyọ̀ là á! Iṣẹ́ lo bà jẹ́, o wá ń kọ àlá sílẹ̀. Lọ fọ gíláàsì. Tó bá di ọjọ́ Ajé, mú lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ wá. Bí o ò bá mú un wá, wá iṣẹ́ mìíràn."

Òótọ́ ni pé ó gbàgbé. Ṣùgbọ́n ìgbàgbé sọ ojú di òpùrọ́ ni? Omi oníyọ̀ yẹn gan-an ló ń mú kí wọ́n jìnnà síra, tí ẹnikẹ́ni kì í fi rí i!

Kò lọ fọ nǹkan kan. Ó kán àtọ̀ tó dé láàárọ̀ sórí gíláàsì, kò fi omi oníyọ̀ sí i, ó sì gbé e sábẹ́ màíkírósíkóòpù.

"Ẹ wá wò ó. Bí mo bá parọ́, mi ò ní dúró de ọjọ́ Ajé."

Theophilus bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. Ó pẹ́ kó tó gbórí sókè, ó sì bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Mo ti rí i rí," ni ó wí. "Ní ọdún 1952. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá níbí nígbà yẹn ní iṣẹ́ tèmi kò gba ìrònú. Ó fi yíǹkì pupa fa ìlà lé e."

"Ẹ mọ̀!" Àrínọlá pariwo, kò rántí pé ọ̀gá lòun ń bá sọ̀rọ̀. "Ẹ mọ̀, ẹ sì tún ṣe é sí mi! Ohun tó dùn yín, ẹ wá mú un, ẹ fi jẹ mí níyà!"



Àrínọlá ṣí ojú ewé tuntun. Ó kọ pé òun gbàgbé omi oníyọ̀, ó kọ ohun tó rí, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀. Ó fi àyè ìlà kan sílẹ̀ lókè tirẹ̀, ó sì ti ìgò yíǹkì dúdú síwájú ọ̀gá.

"Ẹ kọ tiyín. Ẹ kọ ọdún tí ẹ rí i."

Theophilus mú kálámù. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sí àyè náà, ó sì kọ 1952 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.