Gàrí Ọjọ́ Kan

Òfin kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ àwọn ọmọ yunifásítì tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere ní Èjìgbò ní: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ di oúnjẹ láti ilé. Abúlé tí wọ́n bá gùn dé, ohun tí ará ibẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni wọn yóò rà jẹ. Lùkmọ́nù, akọ̀wé ẹgbẹ́, ló dá òfin náà, ó sì ń fi í yangàn.

Lọ́dọ̀ Ìyá Mùtmàínà ní abúlé Ọlá ni wọ́n ti máa ń mu gàrí. Ogún ọdún ni obìnrin náà fi yan gàrí ní Abidjan kó tó padà wálé.

Lọ́jọ́rú kan, Lùkmọ́nù pè é lórí fóònù.

"Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Àlejò ń bọ̀ wá bá wa láti Ìwó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ogójì ènìyàn la máa jẹ́."

"Ogójì kẹ̀? Gàrí tó wà nílẹ̀ kò lè tó ènìyàn mẹ́wàá. Ẹ̀gẹ́ tó sì kù lóko, kíkorò ni. Bí mo bá rin ín lónìí, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí n tó yan án. Ó gbọ́dọ̀ sùn lábẹ́ òkúta kó kan, kí oró rẹ̀ ṣàn jáde."

"Ẹ bá wa dọ́gbọ́n sí i, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn ará Ìwó máa fi wá ṣẹ̀sín ni?"

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì yìí! Ẹ̀gẹ́ kò gbọ́ gírámà o." Ṣùgbọ́n kò lè kọ̀ fún wọn, àwọn nìkan ló ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ láìyọ ọ́ lẹ́nu.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó yan ẹ̀gẹ́ tó sùn lábẹ́ òkúta fún ọjọ́ kan péré. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, gàrí náà ń korò lẹ́nu.

"Ẹ fi ṣúgà lé e lórí!" ni Lùkmọ́nù wí.

"Ẹni tí tiẹ̀ bá korò kó gbé e fún mi," ni Sódìq, ọ̀rẹ́ rẹ̀, dáhùn. Ó mu abọ́ mẹ́ta.

Wọn kò tíì gùn padà dé Èjìgbò tí òòyì fi kọ́ Sódìq. Ó bì, ó ré lulẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Àwọn mẹ́fà mìíràn bì títí. Kí wọ́n tó gbé Sódìq dé ọsibítù, ẹ̀mí ti bọ́. Dókítà ní oró ẹ̀gẹ́ ni.

Lórí Wásáàpù, wọ́n ń pe Ìyá Mùtmàínà ní onímájèlé. Lùkmọ́nù ń kà á, kò fèsì.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, ẹgbẹ́ àti ẹbí òkú ya wọ àgbàlá ìyá náà. Ó ń yan gàrí lọ́wọ́.

"Ta ló ní kí ẹ yan ẹ̀gẹ́ ọjọ́ kan fún wa?" Débọ̀, alága ẹgbẹ́, ló ń pariwo. "Apànìyàn ni yín!"

Obìnrin náà wo Lùkmọ́nù. Lùkmọ́nù mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ ti bùṣe, orí ìyá náà ni yóò kú sí.

"Èmi ni," ló wí. "Ìyá sọ fún mi. Èmi ni mo ní kí wọ́n yára."

Àbúrò Sódìq gbá a létí. Lùkmọ́nù kò gbé ọwọ́ sókè láti dí i.

"O ṣeun tí o sọ ọ́," ni Ìyá Mùtmàínà wí. "Ṣùgbọ́n èmi ni mo mọ ẹ̀gẹ́, ìwọ kò mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ mi ló yan án."

Ó bu omi, ó dà á sórí iná abẹ́ agbada. Gàrí inú rẹ̀ ti sùn ọjọ́ mẹ́rin pé pérépéré, kò sì tíì yan tán. Kò sẹ́ni tó ní kó má pa iná náà.