Rọ́bà Abẹ́ Irin

Àwọn ẹbí ń sọ kiri pé mo dójú ti Bàbá lójú ayé. Kò burú. Kí wọ́n wá jókòó síbi tí mo jókòó sí lọ́jọ́ yẹn, ká wo ohun tí wọ́n máa ṣe.

Ilé iṣẹ́ irin lèmi àti bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. Àwókù irin là ń yọ́: ìdajì mọ́tò, ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ti kú, bẹ́ẹ̀dì onírin. A ó dà á sínú ìléru, a ó dé e lómọrí, ọ̀pá èédú mẹ́ta tó nípọn bí ìbàdí àgbàlagbà á sọ̀ kalẹ̀ wọnú ẹ̀, iná mànàmáná á sì fò láti ẹnu ọ̀pá bọ́ sára irin. Ariwo ibẹ̀ ò ṣeé fẹnu sọ. Ilẹ̀ gan-an á máa gbọ̀n. Àmọ́ bí irin bá ti yọ́ tán, ìdàrọ́, ìyẹn ìdọ̀tí inú irin, á hó bí ọṣẹ, á bo iná náà mọ́lẹ̀, ariwo á sì lọ sílẹ̀.

Inú yàrá onígíláàsì lèmi máa ń wà, èmi ni mò ń gbé ọ̀pá sókè sódò. Bàbá ló máa ń dúró níwájú ìléru, wọ́n á fọwọ́ òsì lé irin ìfarati, wọ́n á máa wo ilẹ̀ bí ẹni ń gbàdúrà. Bí wọ́n bá ti na ọwọ́ ọ̀tún sókè, irin ti yọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì ni ẹ̀rọ iwájú mi á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jẹ́rìí sí i. Elétí ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè wọ́n. Mo máa ń fi wọ́n yangàn, kí n má parọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, àwọn wẹ́dà tún irin ìfarati ṣe. Àwọn òṣìṣẹ́ ti ń ráhùn pé ó ń gbọ̀n jù, pé ó ń mú ọwọ́ àwọn kú tipiri. Àwọn wẹ́dà bá fi rọ́bà tó nípọn sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wa ló yìn wọ́n.

Lọ́sàn-án, mo sọ ọ̀pá kalẹ̀, ariwo bẹ̀rẹ̀. Kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí Bàbá na ọwọ́ ọ̀tún sókè. Mo ní, kí lèyí? Ìléru ṣì ń bú ramúramù, gíláàsì iwájú mi ń mì. Kí n tó mọ ohun tí mo máa ṣe, Bàbá ti ṣí ilẹ̀kùn ìléru, wọ́n ti gbé ṣíbí ọlọ́wọ́ gígùn tá a fi ń bu irin yíyọ́ wò, wọ́n ń lọ síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àwókù ṣì dúró gàgàrà nínú ẹ̀. Bó bá ya lu èyí tó ti yọ́, ẹnu ọ̀nà yẹn ni irin gbígbóná á gbà tú jáde.

Mo pariwo sínú maíkì: "Bàbá! Ẹ padà!" Wọn ò wẹ̀yìn. Mo tẹ fèrè ìkìlọ̀, èyí tí wọ́n ń gbọ́ dé títì. Wọn ò wẹ̀yìn. Mo paná, mo sáré jáde, mo gbá ẹ̀wù wọn mú lẹ́yìn, mo wọ́ wọn bí àpò sìmẹ́ńtì. A ò tíì rìn jìnnà tí nǹkan ya gbì nínú ìléru. Irin pupa tú jáde, ó bo ibi tí ẹsẹ̀ wọn wà tẹ́lẹ̀.

"Ta ló ní kó o kúrò nídìí iṣẹ́?" Bàbá jágbe mọ́ mi. "Ṣé orí ẹ pé?"

"Orí tèmi pé! Ẹ̀yin lẹ fẹ́ kú! Ṣé ẹ ò gbọ́ fèrè ni?"

Ẹnu mi ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ojú mi. Lẹ́yìn náà, wọ́n wo irin ìfarati, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan rọ́bà abẹ́ ẹ̀.

"Ta ló fi èyí síbí?" Ohùn wọn ti rọlẹ̀.

Ibẹ̀ ló ti yé mi. Bàbá ò fetí gbọ́ ìléru mọ́. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ, torí bàtà iṣẹ́ wa ti nípọn jù fún ẹsẹ̀. Bí irin ìfarati bá ń gbọ̀n, àwókù ṣì wà nílẹ̀. Bó bá rọ̀, ó ti yọ́. Lọ́jọ́ yẹn, rọ́bà ò jẹ́ kó gbọ̀n rárá.

Mo mú wọn wọ yàrá tá a ti ń pààrọ̀ aṣọ, mo dúró síwájú wọn gbọnrangandan. "Ó ti tó ìgbà wo?"

Wọ́n na ìka mẹ́ta.

"Oṣù mẹ́ta?"

"Ọdún."

Ọlọ́run foríjì mí, ó ku díẹ̀ kí n bú bàbá mi. Ọdún mẹ́ta! Tá a bá rẹ́rìn-ín nílé, wọ́n á bá wa rẹ́rìn-ín, wọn ò mọ ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Wọn ò ní jẹ́ kí n súnmọ́ ìléru mọ́. Ibẹ̀ nìkan ló kù tí mo ti ń gbọ́ nǹkan." Wọ́n gbójú wò mí. "Ọmọ ẹ yẹn, ṣé ohùn ìyá ẹ ló mú ni, àbí tìẹ?"

Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjì ni.

Alábòójútó wa, tá a ń pè ní Kíákíá, já wọlé. "Ta ló paná? Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Bàbá wò mí, wọ́n rọra mi orí: má sọ. Mo lè ní ẹ̀rọ ló ṣe ségesège, Kíákíá á sì gbà. A ó yọ rọ́bà lọ́la, gbogbo ẹ̀ á padà sí bó ṣe wà, títí dọjọ́ tí fèrè á tún dún tí mi ò ní sí nítòsí.

Mi ò wo Kíákíá. Bàbá ni mo kọjú sí, mo la ẹnu dáadáa kí wọ́n lè rí gbogbo ẹ̀ kà. "Etí bàbá mi ti di. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n súnmọ́ ìléru mọ́."

Ojú tí wọ́n fi wò mí, mi ò ní gbàgbé ẹ̀ láéláé.

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni Bàbá ò fi dá sí mi nínú ilé. Lọ́jọ́ karùn-ún, ọmọ mi gun orí itan wọn, ó ní, "Bàbá àgbà!" Ojú fèrèsé ni Bàbá ń wò. Mo fa ọwọ́ òsì wọn, wọ́n fẹ́ já a gbà, mo dì í mú, mo tẹ́ ẹ sẹ́yìn ọmọ náà.

"Tún pè wọ́n," mo ní. "Pè wọ́n gan-an."

Ó pariwo ẹ̀. Bàbá ò já ọwọ́ gbà mọ́. Ọmọ rò pé eré ni, ó ń pè wọ́n lọ, ó ń pè wọ́n bọ̀. Bàbá tẹjú mọ́lẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe níwájú ìléru, èmi náà dúró síbẹ̀, mò ń sunkún, mi ò sì tijú.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó na ọwọ́ ọ̀tún sókè: wọ́n ti gbọ́ ọ.