Ọkọ̀ Ọlọ́pàá Tó Ń Fẹnu Ké

“Wíì-ò, wíì-ò, wíì-ò!”

Ohùn èèyàn ni o, kì í ṣe ohùn ẹ̀rọ. Láyé ọjọ́un, bí ẹ bá gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀ òpópó, ẹ ó ti mọ̀ pé ọkọ̀ ọlọ́pàá kan ṣoṣo tí ìlú ní ló ń bọ̀, pé kọ́ńsítébù tó ń wà á ti yọ orí síta lójú fèrèsé, ó sì ń ké bí ẹni tí agbọ́n ta létí. Fèrè ọkọ̀ náà ti kú kí wọ́n tó gbé e wá fún tẹ́ṣàn. Wọ́n kọ̀wé sókè pé àwọn ń fẹ́ òmíràn. Òkè fèsì pé ìwé ti dé. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ náà dùbúlẹ̀ sí. Kọ́ńsítébù wá rò ó pé àgbò tí kò níwo, orí lásán náà ni yóò fi kàn. Ó ń fẹnu ké. Àwọn olè pàápàá mọ ohùn rẹ̀ bí ẹni mowó. Nígbà kan tí òtútù mú un tí ohùn rẹ̀ há, wọ́n ní olè kan dúró kí i pẹ̀lẹ́ kó tó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Síréènì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Àbúrò Pẹ́ńtà ni, ọmọ ìyá kan náà.

Pẹ́ńtà ló ń kun ọkọ̀ náà nígbà yẹn, ní ṣọ́ọ̀bù onípáànù tó wà lẹ́yìn tẹ́ṣàn. Lẹ́yìn náà ni àjò gbé e lọ, àjò tó pe ara rẹ̀ ní ìgbà díẹ̀, tó wá jókòó, tó tẹ́ní, tó sì funfun mọ́ ọn lórí. Síréènì ní tirẹ̀ ń gòkè. Wọ́n ń gbé ipò lé e léjìká títí ó fi di ọ̀gá àgbà tó ní ọ́fíìsì oníkápẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ tó wọ ọ́fíìsì náà ló kéde pé orúkọ Síréènì ti kú, òun kò sì fẹ́ ẹni tí yóò bá òun ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n nínú àwòrán tó fi síwájú fóònù rẹ̀, fìlà iṣẹ́ ṣì wà lórí rẹ̀, àmì ẹ̀yẹ ṣì kún àyà rẹ̀. Láràárọ̀, á fi àwòrán òdòdó kan ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí wọ́n kọ “Ẹ kú òwúrọ̀” sí lára. Pẹ́ńtà náà á fi àwòrán ọwọ́ méjì tó pàdé dá a lóhùn. Nínú gbogbo ọmọ ìyá wọn, àwọn méjèèjì ló kù lókè eèpẹ̀, òdòdó yìí nìkan ló sì so wọ́n pọ̀. Pẹ́ńtà kò jẹ́ ṣe ohun tí yóò já a. Bẹ́ẹ̀ ohùn ọjọ́un ló ń wù ú láti gbọ́ kí ọlọ́jọ́ tó dé.

Yàrá òkè nílé ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń gbé, níbi tí fèrèsé ti ń wo ògiri ilé kejì lójú. Ọmọ náà ti ra sítíárì kan fún ọkọ rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń dè mọ́ tábìlì, tòun ti bíréèkì lábẹ́ ẹsẹ̀, láti máa fi wa ọkọ̀ ìdíje nínú kọ̀ǹpútà. Ọkọ wà á díẹ̀, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó pa á tì. Pẹ́ńtà gbà á. Kò mọ̀ ọ́n wà; ògiri tó kọlù nínú eré náà pọ̀ ju ọ̀nà tó rìn lọ. Ohun tó gbà á lọ́kàn ni kíkùn. Nínú eré yẹn, ẹni tó bá wù ú lè kun ọkọ̀ bó ṣe fẹ́. Wọ́n á tú ara ọkọ̀ náà pẹrẹsẹ síwájú rẹ̀ bí awọ ewúrẹ́ tí wọ́n sá sóòrùn: ilẹ̀kùn lọ́tọ̀, bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀, òrùlé láàárín. Á kun ún, á kọ ọ̀rọ̀ sí i, kọ̀ǹpútà á sì fi awọ náà wé ọkọ̀ lára padà.

Ẹgbẹ́ kan wà lórí ẹ̀rọ ayélujára tó jẹ́ pé awọ ọkọ̀ ọlọ́pàá nìkan ni wọ́n ń ṣe. Èèyàn ńláńlá ni wọ́n níbi iṣẹ́ wọn. Kò sí èyí tí ọlọ́pàá mú rí nínú wọn, bóyá ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ràn ọlọ́pàá tó bẹ́ẹ̀. Dókítà eyín ni alága wọn, ojú tó sì fi ń yẹ eyín wò náà ló fi ń yẹ ọkọ̀ wò. Bí ìlà funfun kan bá wọ́ bíńtín lára ilẹ̀kùn, á ní kí wọ́n yọ ọ́ kó tó kó bá àwọn tó kù.

Pẹ́ńtà bá wọn ṣe é, wọ́n sì yìn ín, àmọ́ ẹ̀rín ń pa á nínú. Nínú eré yìí, ọkọ̀ ọlọ́pàá kì í béèrè owó epo lọ́wọ́ ẹni tí olè jà. Wọ́n pè é, ó dé. Nígbà tó sì dé, kò bi onítọ̀hún pé kí ló ń wá níta tí olè fi rí i. Pẹ́ńtà kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rọ náà ló bàjẹ́.

Lọ́jọ́ kan, Alága kéde pé kí oníkálukú gbé ọkọ̀ ọlọ́pàá ìlú tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà wá, kí ẹgbẹ́ lè kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún aráyé. Àwọn yòókù gbé tiwọn wá, ó ń dán bí ọ̀bẹ tuntun. Pẹ́ńtà ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ó po búlúù, ó da omi oòrùn sí i lójú, títí ó fi rí irú èyí tó ti ṣá gẹ́gẹ́ bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn. Ó kun ilẹ̀kùn awakọ̀ ní yẹ́lò, nítorí ara takisí ni wọ́n ti yọ ọ́ lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ti wà lára ọkọ̀ búrẹ́dì rí. Ọ̀dà tí tẹ́ṣàn fún un kò tó bò ó, nítorí náà “Ó ṢẸ̀ṢẸ̀ JÁDE LÁÀRÒ” ṣì ń yọjú lábẹ́ “ỌLỌ́PÀÁ”. Ní ti bọ́ńpà iwájú, okùn ló dì í mú. Ó ya okùn náà fọ́nrán-fọ́nrán, kò gbàgbé kókó tí àbúrò rẹ̀ máa ń ta sí i.

Alága wò ó, ó bi í pé ṣé yẹ̀yẹ́ ni Bàbá fẹ́ fi ọlọ́pàá ṣe ni. Ó ní ẹgbẹ́ àwọn kì í gba irọ́, kí ó mú fọ́tò wá. Pẹ́ńtà fèsì pé kò sí fọ́tò: nígbà ayé ọkọ̀ yẹn, ẹni tó bá ya tẹ́ṣàn ní fọ́tò, inú tẹ́ṣàn ni yóò sùn. Alága ronú sí i, ó wá ṣàánú rẹ̀. Ó ní òun á gbà á bó bá kun gbogbo ilẹ̀kùn ní àwọ̀ kan, tó tú okùn kúrò, tó sì fi fèrè tòótọ́ sí i lórí.

Pẹ́ńtà ṣe é. Fèrè náà ké, ó mú, ó já gaara. Ó wo ọkọ̀ náà, ó dà bí òkú tí wọ́n fi kóòtù àyálò wọ̀. Ọmọ rẹ̀ gbé tíì wọlé bá a, òun náà wo ojú kọ̀ǹpútà, ó ní, “Bàbá, ọkọ̀ yín dà? Èyí tí ẹ máa ń sọ fún wa kọ́ nìyí.” Kó tó mu tíì yẹn tán, ó ti dá ilẹ̀kùn takisí padà, ó dá búrẹ́dì padà, ó so okùn. Ó yọ fèrè tòótọ́ náà kúrò, fèrè kò kúkú ké nínú ọkọ̀ náà rí. Ó ránṣẹ́ sí Alága pé bó ṣe wà nìyí, kí wọ́n gbà á tàbí kí wọ́n dá a padà.

Òfin ẹgbẹ́ ni pé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ lé olè kí wọ́n tó dá a lẹ́jọ́. Alága ni yóò ṣe olè. Ó wọ ọkọ̀ pupa kan, ó sá bí ehoro tó gbóòórùn ajá, Pẹ́ńtà sì rọra tẹ̀ lé e, láìsí fèrè, láìsí ariwo.

Ohùn Alága wá láti inú ẹ̀rọ tó wà létí rẹ̀. “Bàbá, ṣé ẹ ń lé mi ni, àbí ẹ ń sìn mí sọ́nà?”

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Pẹ́ńtà lára. Kò mọ ìgbà tó yọ orí sí ẹ̀gbẹ́, bí ẹni pé fèrèsé ọkọ̀ wà níbẹ̀, tí orí rẹ̀ sì gbá kọ́bọ́ọ̀dù. Ó lanu: “Wíì-ò, wíì-ò, wíì-ò!” Ẹ̀rín mú olè. Ó rẹ́rìn-ín títí ọwọ́ rẹ̀ fi yọ lára sítíárì, ó sì lọ fi ojú gbá ògiri. Bọ́ńpà olókùn dé, ó kan án lẹ́yìn. Láti ìgbà tí Pẹ́ńtà ti ń ṣe eré náà, ẹni àkọ́kọ́ tó mú nìyí. Ọmọ rẹ̀ ti sá gorí àtẹ̀gùn, ó rò pé àìsàn ló kọlu bàbá òun. Ó bá a níbi tó ti ń fọwọ́ pa orí, tó ń rẹ́rìn-ín, tí omi sì wà lójú rẹ̀.

Nígbà tí Alága rí èémí mí, ó ní ọkọ̀ náà yege, kò tún sọ̀rọ̀ fọ́tò mọ́. Ohun kan ló kù: kí ohùn yẹn wà nínú rẹ̀. “Ẹ ké e sínú ẹ̀rọ, Bàbá, kí n gbé e sí i.”

“Ohùn mi kọ́,” ni Pẹ́ńtà wí. “Mò ń sín in jẹ ni. Olóhùn wà láyé.”

Alága ní ta ni yóò mọ ìyàtọ̀? Òótọ́ ni, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ ọ́n, àfi ẹni tó kun ọkọ̀ náà. Bó bá ké e fúnra rẹ̀, òdòdó ò ní já. Bó bá béèrè lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ ẹ̀wẹ̀, ó lè jẹ́ pé ọ̀gá ọlọ́pàá àgbà ni yóò dá a lóhùn, tàbí kí ẹnikẹ́ni má dá a lóhùn mọ́.

Ó kọ ìwé àkọ́kọ́, ó kún fún “ẹ̀yin ọ̀gá” àti “pẹ̀lú ọ̀wọ̀”. Ó kà á, ó dà bí ìwé tí tẹ́ṣàn kọ sókè nítorí fèrè. Ó pa á rẹ́. Ó tún fi ẹ̀fẹ̀ kọ òmíràn. Ẹ̀fẹ̀ náà ń bẹ̀rù, ó pa òun náà rẹ́. Ibi tó ti ń wo fóònù ni òdòdó àárọ̀ wọlé, pupa, tòun ti ìrì lára. Ó wò ó pẹ́. Ó ní òdòdó dára, àmọ́ òun ò gbọ́ ọ kó sọ̀rọ̀ rí. Ó fi àwòrán ọkọ̀ náà ránṣẹ́, ó sì kọ sísàlẹ̀ rẹ̀:

“Síréènì, àbúrò mi. Mo mọ̀ pé o ti sin orúkọ yìí. Èmi ni mo hú u. Wo ọkọ̀ wa. Kò sẹ́ni tó ń tì í kó tó ṣáná mọ́. Okùn rẹ wà níbẹ̀, kókó rẹ ni mo ta sí i, búrẹ́dì ṣì ń jáde láàrò. Ìwọ nìkan ló kù. Wọ́n ní kí n fi ohùn mi dí i, mo ní ó tì. Bójú bá ń tì ọ́, ti ilẹ̀kùn kí o tó ké e sínú fóònù. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Má fi òdòdó dá mi lóhùn.”